Odò tí mo sẹ́ lójú awọnlẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tójú mi rí fún yín. Ìtìjú ni, àmọ́ màá sọ ọ́.

Akron la ń gbé, àdúgbò kan nílùú wa níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, ṣùgbọ́n lẹ́bàá ìlú Àjàrá ni bàbá mi ti ń dá àkùrọ̀, ó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata. Odò kékeré kan ló ń fún un lómi. Odò ọ̀hún ò gùn rárá! Ẹ ó fẹsẹ̀ rìn ín tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú yín. Abẹ́ igi àràbà mẹ́ta ló ti ń sun jáde nínú igbó, á gba àárín àfonífojì, á yà níbi àwọn igi ògùrọ̀, á kan àkùrọ̀ bàbá mi, kó tó wọ ọ̀sà.

Nínú ìdílé wa, a kì í fi orísun yẹn han àlejò. Bí àlejò bá béèrè bóyá omi wà lókè, o ní láti sọ pé kò sí, kí wọ́n má baà bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe kọ́ mi láti kékeré.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, awọnlẹ̀ kan dé. Igbó òkè yẹn kì í ṣe tiwa, ó sì fẹ́ ya máàpù rẹ̀. Torí pé mo gbọ́ Faransé, bàbá ní kí n tẹ̀ lé e, mo sì mú un gba ọ̀nà tí kò ti ní rí odò. Ó bi mí bóyá omi kankan wà níbẹ̀. Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní kò sí! Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i. Orí mi tiẹ̀ wú pé mo gbọ́n!

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ta igbó náà. Àwọn tó rà á fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, wọ́n gé igi, ọkọ̀ kámíọ̀nù ń da yẹ̀pẹ̀ sínú àfonífojì. Mo gun sẹmijàn, ọ̀kadà tiwa, lọ síbi iṣẹ́ wọn, mo ń pariwo pé odò wà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ò bínú. Ó kàn yí ìwé tí awọnlẹ̀ kọ sí mi, ó tọ́ka sí ibi tí mo fọwọ́ sí. Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Àkùrọ̀ ti gbẹ, ilẹ̀ ti sán. Bàbá ò bú mi, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ràfíátù, dìde. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fi pa mọ́ nílé tiyín? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ yìí. Ìgbà kan wà tí fífi nǹkan pa mọ́ ń dáàbò bò ó. Lóde òní, ohun tí o bá ní kò sí, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́, wọ́n á sì kọ́lé lé e lórí.