Ọjọ́ Keje, Oṣù Kẹfà

Mo rántí ìgbà tí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlọrà gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn láti inú ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Láti Fìdítì ni mo ti ń wọ mọ́tò lọ láràárọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mi á gún régé, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ni ilé ìwòsàn náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sọ mí ní Akọ̀wé. Ó lóyún nígbà náà, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń retí ọmọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ilé ìwòsàn wa náà ló ti ń gba ìtọ́jú.

Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń kọ ìgbà tí aláìsàn máa padà wá, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún àwọn ọjọ́ náà tò, oṣù ló ń kà ṣáájú, n kò sì mọ̀. Níbi tí ọjọ́ bá ti ju méjìlá lọ, kò lè ṣì í kà, torí kò sí oṣù kẹtàlá. Irú wọn ló wà lókè níbi tí mo yẹ̀ wò, ni mo bá ní iṣẹ́ ti parí. Kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn aláìsàn láti rán wọn létí ọjọ́ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mú káàdì rẹ̀ àti fóònù wá bá mi.

“Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó. Ọjọ́ keje oṣù kẹfà ni nọ́ọ̀sì sọ. Fóònù ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje.”

N kò tilẹ̀ gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, nọ́ọ̀sì lè ṣì í kọ. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe.”

“Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀wé,” ló wí, ó sì padà sídìí gààrí tó ń yan.

Ọjọ́ keje oṣù kẹfà kọjá, kò kúrò nílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí gìrì fi gbé e. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó rí mọ́tò gbé e dé Ọ̀yọ́, ọmọ ti kú sí i nínú. Obìnrin ni. Ìyá yè, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò lè lóyún mọ́.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣí kọ̀ǹpútà, tí mo yẹ gbogbo ìlà wò, tí mo rí ohun tí mo ṣe. Mo tún ti àwọn tó kù ṣe. Lẹ́yìn náà mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo jẹ́wọ́.

“Ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n yín,” ni gbogbo ohun tó wí.

N kò sì sọ títí dòní. Mo ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà tipẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó mi bí ọmọbìnrin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń wá wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ó ń wò wọ́n, ó ní, “Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tí kò fi fún àwa.” Ìyàwó rẹ̀ ń bomi sí ọmọ lórí, kò gbójú sókè. Èmi náà wo ilẹ̀.