Ọjọ́ Tí A Jókòó Sínú Kòtò Wáyà ní Dougouba

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bínú nítorí pé fídíò yín ń fà, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò pẹ́ rárá: ọdún tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ Bouaké, ní Côte d'Ivoire níbí, láti ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ni. Mo ti ń bá ẹgbẹ́ ọlọ́jà daṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ yín, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí.

Kòtò náà gba iwájú ilé wa ní Dougouba kọjá, ó forí lé Commerce láàárín ìlú. A béèrè ìgbà tí wáyà yóò wọ adúgbò wa, wọ́n ní a ò sí nínú ètò. Eruku á jẹ́ tiwa, íńtánẹ́ẹ̀tì á jẹ́ ti ẹlòmíràn! Inú bí mi gan-an. Àwa ọkùnrin ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò ṣáájú wa lọ rí wọn nígbà tí Màmá Sàfú, tí òun àti ìyàwó mi jọ ń ta aṣọ, gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó jókòó. Àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé e, Anago (bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí), Baoulé àti Dioula.

Olórí àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, dé, ó ń jágbe mọ́ Màmá Sàfú. Ìyá ń rán etí aṣọ lọ ní tirẹ̀. Mo jẹ́ kí ọkùnrin náà pariwo dáadáa kí n tó sọ fún un pé adití ni.

Ó wò mí. “Kí ni adití fẹ́ fi kọnẹ́sọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe?”

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn láti inú kòtò. “Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn ọmọ yín lẹ̀yin ń gbọ́ lórí fóònù. Ọwọ́ lòun fi ń bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣẹ́ẹ̀fù. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti fà, ọwọ́ ọmọ á dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ á já. Látìgbà tọ́mọ ti lọ, wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ tán.”

Ọkùnrin náà yọ fóònù rẹ̀. Ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ wa, a ò kúrò. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà láti ya wáyà kan wọ ilé ìpàdé wa, kí àwọn ilé tó yí i ká lè rí i lò.

Tibi tire la dálé ayé. Lónìí àwọn ọmọ ń fi kàwé, ọlọ́jà ń rí ọjà kó tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbájúẹ̀ ti ibẹ̀ wọlé tọ̀ wá, ẹni tó bá sì wá sípàdé, fóònù ló ń wò. Wáyà náà ò tíì dé ìsàlẹ̀ adúgbò, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀ bá wa jókòó sínú kòtò. Gbèsè tiwa ni, kì í ṣe ti àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ nìkan.

Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án. Ojú ọmọ Màmá Sàfú yọ lórí fóònù, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, kò dúró. Ilé ìpàdé kún fọ́fọ́. Àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ yẹn ni mo fojú ara mi rí i. Ọwọ́ Màmá Sàfú ń sáré débi pé mi ò lè fojú bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó rọra sọ nǹkan kan. Mo bi ìyàwó mi, tó ti kọ́ èdè ọwọ́ wọn nídìí ọjà, pé kí ló wí.

Ó nu ojú rẹ̀. “Ó ní kí ìyá òun má kánjú mọ́, pé kò ní já.”