Ọjọ́ Tí Mo Sọ Gbogbo Ọ̀tà Di Ọmọ Ọ̀tá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, tíṣà méjì ló wà ní ilé ìwé wa ní Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu lórí bí ó ṣe yẹ kí ọmọdé kọ́ ìwé kíkà. Tíṣà àgbà ní orin ni: kí á máa fi orin to lẹ́tà, "tí, a, ta, mí, ọ, mọ," títí yóò fi mọ́ wa lẹ́nu. Tíṣà kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní àwòrán ni: kí ọmọ wo àwòrán, kí ó wo ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ni wọ́n bá pín wa sí méjì bí ẹní pín ẹran iléyá. Èmi bọ́ sọ́dọ̀ tíṣà àgbà.

Inú bàbá mi dùn, nítorí orin ni òun náà fi kọ́ kéwú. Ìyá mi ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹni tó ń kọrin, ṣé ó ń kàwé ni?" Bàbá mi ní ọjọ́ ìpàdé òbí ni a ó mọ̀, bí n kò bá lè kàwé sétí òun, oko Ìgbẹsà yá, kí n máa lọ bẹ ẹ̀gẹ́.

Ọjọ́ náà dé. Ìjòyè àgbà kan wá, àwọn òbí kún yàrá. Tíṣà àgbà kọ ọ́ sójú pátákó: "Ọmọ Ọta ni wa." Kò fi àmì ohùn kankan sí i, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn. Mo dìde, mo fi orin tò ó. Orin wa yìí, ṣe ló máa ń gbé ohùn sókè níparí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wá pa á pọ̀, mo pariwo pé, "Ọmọ ọ̀tá ni wá!"

Ìjòyè ní, "Ọmọ ta lèyí tó ń bú wa?" Bàbá mi wolẹ̀. Tíṣà kékeré rẹ́rìn-ín, ó pe ọmọkùnrin kan nínú àwọn tirẹ̀. Ọmọ náà wo pátákó, kò rí àwòrán. Ó yọjú wo ẹ̀yìn pátákó pàápàá. Ó wá fi ìgboyà sọ pé, "Màlúù!"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìjòyè nu ojú, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á kúkú jẹ́ ọmọ ọ̀tá. Ó sàn ju màlúù lọ." Ni bàbá mi bá dìde: "Tèmi kà á! Ohùn nìkan ló ṣì."

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, kí ló wà lójú pátákó yẹn tó lè sọ fọ́mọ pé ìlú wa ni, kì í ṣe ọ̀tá?" Tíṣà àgbà mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi àmì sí i. N kò lọ bẹ ẹ̀gẹ́ mọ́.

Lónìí, orí fóònù lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti ń kọ̀wé, àmì kankan kò sì sí níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi kan, tí àdúrà pé kí ó rí ọkọ fẹ́ kò kúrò lẹ́nu mi, kọ̀wé sí mi láti Sángo: "Mama, mo ti ri oko." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti pe gbogbo àbúrò mi, a ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gba àna lálejò, kí ọmọ tó wọlé pé ọkọ̀ tó gbé òun wálé lòun ní òun rí.