Àpótí Orí Àjà

Èmi ni mo gbé àpótí ọkọ àbúrò mi sórí àjà ìdáná, níbi tí a ń so àgbàdo irúgbìn rọ̀ sí kí èéfín lè lé kòkòrò.

Télọ̀ ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan ti Àbíjáàn dé Ẹ̀jìgbò, èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà tó ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn kí ọpọlọ rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Láìsí wọn, kò lè gba odidi iṣẹ́ ọrùn agbádá tó ń fi yà. Ó kan àpótí fún wọn, ó fi àjákù aṣọ tẹ́ inú rẹ̀, ó sì lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í fọwọ́ kàn wọ́n láì kọ́kọ́ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ní, "Doucement, ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n."

Mo bi í pé kí ni ihò wà fún. Ó ní, "Nǹkan tó ń ronú gbọ́dọ̀ máa mí."

Nígbà tó ń padà lọ kó ẹrù, ó ní kí n bá òun tọ́jú àpótí náà sí yàrá mi. Nǹkan tó ń ronú, tó tún ń mí, kí èmi àti ẹ̀ jọ sùn? Mo gbé e sórí àjà, mo ní nítorí ikán ni.

Ìgbà tó fi dé, èéfín ti mú kí àwọn ẹ̀yà náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ooru ti ká òmíràn kò. Ó nù wọ́n, ó kì wọ́n bọ kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n ò fèsì. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ẹ̀rù tún bà mí, mo tún dárúkọ ikán.

Ó ní, "Ẹ má bara jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń gbé nǹkan tí ò fẹ́ràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ irúgbìn ẹ̀?"