Eyín Tí Mo Sọ Sórí Páànù

Iṣẹ́ bàbá mi ni pé kí omi má ba títì jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé e láti Ìbàdàn lọ sí Onitsha nígbà tí ogun ti parí, tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, tí wọ́n sì ń tún ohun tí ìbọn àti bọ́ǹbù ti bàjẹ́ ṣe. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń dí ojú títì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọn á máa wá gbogbo ibi tí títì ti là, wọn á gbá a mọ́ tónítóní, wọn á jẹ́ kó gbẹ, wọn á wá da ọ̀dà gbígbóná sí i. "Ibi tó là bí okùn òwú lásán," bàbá mi á wí nídìí oúnjẹ, "tí omi bá fi lè ráyè wọ ibẹ̀, kí òjò tó dáwọ́ dúró, táyà ọkọ̀ ni yóò máa wọ ibẹ̀." Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún báyìí, bàbá mi sì ti re àjùlé ọ̀run, síbẹ̀ tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, inú á bí mi bíi pé àná ló sọ ọ́. Tí kò bá mọ̀ ni, ǹ bá ti dárí jì í. Ó mọ̀.

Ní Fegge, àdúgbò kan ní Onitsha, la ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ojú ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Onílé wa ní ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, kíláàsì kan náà la sì jọ wà. Ìgbò tí mo ń bá a sọ já gaara ju Yorùbá tí mo ń sọ nílé lọ. Àwa méjèèjì la jọ ń jẹ ìjẹkújẹ. Owó ti dé nígbà yẹn, ẹnu àwa ọmọdé ló sì kọ́kọ́ mọ̀ pé owó dé: ṣúgà onígun nínú páálí, mílíìkì inú agolo tí à ń fi ìka lá, bisikíìtì, súwíìtì, mínírà tí bàbá mi ń gbé wálé ní kéréètì-kéréètì. Òbí tó bá fi ṣúgà du ọmọ lásìkò yẹn, ahun ni wọ́n ń pè é.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí dókítà eléyín kan wá sí ilé ìwé wa. Obìnrin ni, ọmọ Inland Town tó jẹ́ àdúgbò àwọn onílẹ̀ Onitsha, ó kàwé lókè òkun, ó sì padà wálé lẹ́yìn ogun. Bàtà rẹ̀ kún fún eruku, kò sì ní sùúrù fún ọ̀gá ilé ìwé wa tó fẹ́ ká kọ́kọ́ kọrin kí i káàbọ̀. Ó ní ká tò, ó ń fi dígí kékeré kan wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó fi ìka tẹ eyín ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn pátápátá, nísàlẹ̀, lápá òsì.

"Nne, dis one new," ó wí, bí àwọn Ìgbò ṣe ń fi ìfẹ́ pe ọmọbìnrin. "E no dey fall. Na so you go carry am reach old age."

Ó ṣàlàyé fún wa pé ojú irú eyín bẹ́ẹ̀ ní kòtò tó jinlẹ̀, pé oúnjẹ á máa há síbẹ̀ níbi tí búrọ́ọ̀ṣì tàbí orin ò lè dé, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa jẹrà. Ó ní òun ní oje kan tí òun gbé wá láti òkè òkun. Tí òun bá fi kun ojú eyín náà, yóò le, yóò bo kòtò náà pa. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó fún wa ní ìwé kọ̀ọ̀kan kí àwọn òbí wa lè fọwọ́ sí i.

Mo gbé ìwé náà délé tayọ̀tayọ̀. Ìyá mi kà á tán, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a ṣe é. Wọ́n mà ní ọ̀fẹ́ ni."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹnu bàbá mi. Gbogbo eyín rẹ̀ pé, ó ń fi í ṣí ìgò, ó ń fi í fọ́ eegun, láràárọ̀ ló sì máa ń dúró lẹ́nu géètì tí yóò máa run orin àta kí gbogbo àdúgbò lè rí i. "Rọ́bà ni wọ́n fẹ́ fi bo eyín ọmọ mi?" ó wí. "Kí ọmọ mi wá máa jẹ̀kọ pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu?"

"Dókítà ní eyín yìí kì í bọ́, sà," mo wí.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló ní eyín tí kì í bọ́? Èyí tó bọ́ níwájú ẹnu ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Eyín iwájú mi kan ti bọ́, a sì ti ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa. Mo mú òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà, iye ọdún mi, mo pa á pọ̀ mọ́ eyín náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ sórí páànù. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí aláǹgbá rí àlàfo ẹnu mi, pé tí aláǹgbá bá fi lè rí i, eyín tuntun ò ní hù mọ́. Lójú bàbá mi, gbogbo eyín tó wà lẹ́nu ọmọdé ló ń bọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń padà. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí kì í fọwọ́ kan títì láìjẹ́ pé ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé eyín tó hù níbi tí eyín kankan ò sí tẹ́lẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tó rọ́pò òmíràn. "Eyín ọmọdé lẹ ní ká dí," ó wí, "bí ẹni ń fi símẹ́ǹtì rẹ́ àgọ́."

Rédíógíráàmù ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wà ní pálọ̀, ó sì ń mì nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́jú. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Rédíógíráàmù náà ò mì mọ́.

Dókítà náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n ní kí àwa tí a ò mú ìwé wá lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ìyẹn ni mo fi rí gbogbo ohun tó ṣe fún ọ̀rẹ́ mi, ọmọ onílé wa. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú eyín rẹ̀, ó fi omi ṣàn án, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tó fi gbẹ, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan kun oje náà sí i. Ó tan iná kékeré kan tó dà bí omi aró sí i. Ó parí. Ọ̀rẹ́ mi fò sílẹ̀ lórí àga, ó ní ó kàn korò díẹ̀ lẹ́nu ni. Mo ti mọ iṣẹ́ yẹn láti ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún bàbá mi pé, "Bí ẹ ṣe ń ṣe títì gẹ́lẹ́ ló ṣe é, sà. Ó fọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá kun nǹkan sí i."

"Títì kì í hù padà," bàbá mi dáhùn, ó sì fọwọ́ lu tábìlì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì dárí ẹ̀rín yẹn ji ara mi.

Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àmì dúdú kan ti wà lójú eyín náà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tó yá ó di ihò. Bisikíìtì á há síbẹ̀, màá fi igi ìṣáná yọ ọ́. Àkókoro wá dé. Ẹni tí àkókoro ò bá jẹ rí, kó má dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi fi kànáfùrù sí i, ó fi iyọ̀ sí i, ó ń sunkún fún mi. Bàbá mi ní mi ò run orin dáadáa ni, pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ọ̀lẹ! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú títí tí ojú mi kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí kó tó gbé mi sẹ́yìn mọ́tò ìjọba, tó wà mí lọ sí ọsibítù.

Dókítà kan náà la bá níbẹ̀. Ó wo ẹnu mi, ó wá kọjú sí bàbá mi.

"Oga, I send paper come your house. You see am?"

"Paper?" Bàbá mi fọwọ́ sáyà. "Madam, no paper reach my hand."

Mo wà lórí àga, ẹnu mi là sílẹ̀, òwú kún inú rẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Dókítà wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé èmi ni mo sọ ìwé náà nù. Ìwé tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rédíógíráàmù! Ọdún méjì gbáko ni mo ti ń gbá ilẹ̀ yí i ká. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n yọ eyín náà, ìró rẹ̀ dún nínú agbárí mi bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìṣó jáde lára pákó. Ojú fèrèsé ni bàbá mi ń wò ní gbogbo àsìkò yẹn.

Nígbà tí a fi máa délé, ara rẹ̀ ti yá gágá. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́jọ fún mi nínú àgbàlá, òun ló nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára eyín náà. "Jù ú dáadáa o," ó wí. "Èyí tó ń bọ̀ á le ju èyí lọ." Mo jù ú. Mo gbọ́ bó ṣe yí gbirigbiri lórí páànù kó tó dákẹ́.

Mo wá di ẹnu mi. Láti ìgbà ọyẹ́ títí tí máńgòrò fi pọ́n, mo di ẹnu mi. Àlàfo tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí èèyàn gan-an ò lè rí, ni mò ń fi pamọ́ fún aláǹgbá. Mo ń fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀, mi ò rẹ́rìn-ín níta, olùkọ́ sì nà mí nítorí pé mi ò la ẹnu kọrin. Láràárọ̀ ni mò ń fi ahọ́n wá eyín tuntun, ẹran dídán ni mò ń bá. Ọ̀rẹ́ mi á jókòó tì mí, yóò máa fi eyín tirẹ̀ rún ẹ̀kùrọ́. Títí di òní, apá ọ̀tún ni mo fi ń jẹun. Eyín tó wà lókè àlàfo náà ti gùn wá sísàlẹ̀, kò rí èyí tí yóò bá pàdé.

Dókítà náà tún wá sí ilé ìwé wa. Ó rí i pé mo fọwọ́ bo ẹnu, ó bi mí pé kí ló dé, mo sọ fún un. Ó bi mí pé, "Who tell you say another one dey come?"

"My papa."

Ó gbé dígí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ndo, nne," ó wí, bí àwọn Ìgbò ṣe ń bá ọmọ kẹ́dùn. "Nothing dey come again. That one don go." Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ ìwé abẹ́ rédíógíráàmù fún un. Ó gbọ́ mi dópin, ó kàn fọwọ́ pa mí lórí.

Bàbá mi wà nínú àgbàlá nígbà tí mo délé, ó ń fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà kúrò lára bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní, "Dókítà ní eyín mi ò ní hù mọ́, sà."

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ. Mi ò gbọ́ ọ rí kó ní òun ṣàṣìṣe, bóyá mo rò pé ti ọjọ́ yẹn á yàtọ̀. Ó ń nu bàtà lọ, kò gbójú sókè.

"Àbí o jẹ́ kí aláǹgbá rí i ni?" ó wí.

Èmi! Èmi tí mo jẹ pàṣán nítorí ẹnu dídì! Akọ aláǹgbá kan olórí pupa wà lórí ògiri, láàárín ojú ọta méjì, ó ń yá oòrùn. Mo lọ bá a. Mo dúró síbi tó ti lè rí mi, mo la ẹnu mi gbàgà, mo fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sẹ́yìn kó lè rí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Aláǹgbá náà mi orí, ó tún mi orí.

Mo gbọ́ tí bàtà já bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. "Kí lò ń ṣe yẹn? Pa ẹnu ẹ dé! Mo ní kó o pa ẹnu ẹ dé!"

Mi ò pa á dé.