Agogo Ọwọ́ Màmá

Tí agogo iléèwé bá dún ní Ìlódè, màmá tó ń bá ẹgbẹ́ wa ṣọ́ àsìkò ni mo máa ń rántí. Ìrànlọ́wọ́ fáwọn ará Ifẹ̀ ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí a bá ń jẹun ọ̀sán, màmá á bọ́ aago ọwọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì. Tí àsìkò ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ bá pé, wọn á lu agogo: "Ó tó, ẹ jókòó." Bíṣọ́ọ̀bù pàápàá ti jókòó rí.

Lọ́jọ́ tí aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan wá bá wa sọ̀rọ̀, ó kọjá àsìkò, agogo ò dún. Ìṣẹ́jú méjì péré ló ṣẹ́ kù fún ìbéèrè. Màmá dìde, wọ́n mú fọ́tò kan dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlú yín lọmọ mi obìnrin wà. Ọdún kejì rèé tí mi ò gbóhùn ẹ̀. Ta ni mo lè..."

Wọ́n wo aago, àsìkò ti pé. Wọ́n fọwọ́ ara wọn lu agogo, wọ́n sì jókòó.

Àlejò wo alága. Alága ní ká pàtẹ́wọ́ fún àlejò.

Èmi náà pàtẹ́wọ́.