Èèkù Idà Tí Wọ́n Sọ Di Ọ̀pá Àdúrà

Òórùn àdín ló máa ń gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí mo gbé nígbà tí mò ń lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa fi àdín pa èèpo àgbọn líle tí mo ti gé rìbìtì, tí mo sì ti fi sánpépà ha títí ó fi ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Èèkù idà ni mò ń fi wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Má rẹ́rìn-ín. O mọ àwọn idà inú fíìmù òfuurufú, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń yọ bí abẹ, tí ẹni tó ń jà kò sì di nǹkan kan mú ju èèkù lọ? Irú rẹ̀ ni. Mo ra àfarawé kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Ike lásán ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n tí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, iná búlúù kékeré kan ṣì ń tàn ní ẹnu rẹ̀.

Mo bọ́ ike náà kúrò, mo dá iná inú rẹ̀ sí, mo fi àgékù páìpù omi onírin rọ́pò ike, mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi mọ́. Mo yọ òrùka idẹ lára sítóòfù kẹrosíìnì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lára àgbọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti Ìwópin ni mo ti gé èèpo, mo sì fi wáyà bàbà wé ibi tí ọwọ́ máa dì mú. Èékánná mi ya, irin gbígbóná tí mo fi ń lẹ wáyà iná mọ́ra jó mi níka. Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ fẹ́ pàdé, kí kálukú gbé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi ṣe é.

Aṣọ funfun ni mo fi wé e kó má bàa họ, aṣọ yẹn ló sì dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń lọ, àwọn àgbà ọkùnrin ìjọ náà sì máa ń mú ọ̀pá irin kúkúrú dání tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ó rí irin tó ń dán nínú aṣọ funfun, ó gbà pé ọ̀pá àdúrà ni wọ́n fi rán mi sí ìjọ. Kò tiẹ̀ bi mí. Mo wà ní kíláàsì nígbà tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Tayọ̀tayọ̀ ló fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá olórí ìjọ wa fọwọ́ kàn án báyìí, iná tàn! Gbogbo ìjọ ló kígbe Halelúyà."

Wọ́n ti da òróró sí i, wọ́n ti gbé e sórí pẹpẹ.

"Màmá, èmi ni mo ṣe é."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Iṣẹ́ yìí?"

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá olórí ìjọ náà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé páìpù, mo ṣàlàyé sítóòfù, mo ṣàlàyé àgbọn. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. "Ọmọ mi," ló wí, "ọwọ́ èèyàn kọ́ ló ṣe èyí." Ó wá gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ẹ̀mí ìgbéraga kúrò lára mi. Títí di òní, tí mo bá rántí àdúrà yẹn, ara mi á gbóná. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gbà pé áńgẹ́lì jókòó sọ́run ó ń ha èèpo àgbọn, ju kí wọ́n gbà pé ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Mi ò bínú sí Ọlọ́run o. Àwọn èèyàn náà ni mo bínú sí.

Ní ìsìn ọjọ́ Ẹtì, mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, mo rìn lọ síbi pẹpẹ, mo sì mú èèkù mi.

"Obìnrin kì í mú ọ̀pá níbí!" Olórí ìjọ ti dìde.

"Obìnrin ló ṣe é, Bàbá."

Mo tú u palẹ̀ lójú gbogbo wọn: páìpù, òrùka idẹ, èèpo àgbọn, bátìrì kékeré. Mo tún tò ó padà, mo tẹ bọ́tìnnì, iná tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kígbe Halelúyà. Mo mú un dání jáde, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tẹ̀ lé mi, ojú ń tì í. "Ò bá ti sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́," ló ń tẹnu mọ́ títí a fi délé. Mo ti sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún òun, mo ti sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀ fún Bàbá. Kí ni ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ náà ṣe fún mi?

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ní Àgọ́-Ìwòyè, láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò gba áńgẹ́lì gbọ́ rárá, ọmọ kíláàsì mi kan gbé e yẹ̀ wò, ó mi orí. "Ó dára gan-an. Ta ló bá ẹ ṣe é?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ṣàlàyé, mi ò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ lórí iṣẹ́ tí mo fọwọ́ mi ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú u palẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo sì fa àga jókòó síwájú rẹ̀.

"Ó yá," mo ní, "tò ó."